Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Odídẹrẹ́ Nínú Igbó Èkìtì, Kí Ẹ sì Ya Fọ́tò Rẹ̀ Láìlé E Sá

Ìbéèrè méjì ni àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ máa ń bi mí jù: "Kámẹ́rà wo ni kí n rà?" àti "Níbo gan-an ni kí n lọ dúró?" Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ìbéèrè kejì ló ṣe kókó. Ẹni tó mọ igi tí odídẹrẹ́ ti ń jẹun, tó sì mọ ọ̀nà òfuurufú tó ń gbà lọ sùn nírọ̀lẹ́, kámẹ́rà àlòkù lásán tó o. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bó ra lẹ́ǹsì olówó iyebíye, ewé ni yóò máa yà bọ̀.

Mo kọ ọ́ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ kí ẹ lè máa wò ó lórí fóònù nínú oko. Bí ẹ bá fẹ́ fo nǹkan, ẹ má fo apá tó kan ìtẹ́ ẹyẹ àti apá tó kan Facebook.

## Ṣé odídẹrẹ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wa?

Ẹ má retí ọ̀wọ́ ńlá. Odídẹrẹ́ ti wọ́n gan-an káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, torí wọ́n ń gé àwọn igi ńlá tó ń yé sí, àwọn tó ń fi àtè mú un tà kò sì sinmi. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ó ti dín ní ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún láti nǹkan bí ọdún 1992. Ní 2016, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń tọ́pa àwọn ẹ̀dá inú igbó, kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àkúrun. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá inú igbó, fòfin de kíkó èyí tí wọ́n mú nínú igbó lọ tà sí ilẹ̀ òkèèrè.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí méjì péré tí wọ́n fò kọjá lókè orí yín, ọjọ́ yín dára. Gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, níbi tí igbó dúdú ṣì kù díẹ̀, ni kí ẹ fojú sí: agbègbè igbó ọba Ìṣẹ̀, níbi tí àwọn ìnàkí ṣì ń gbé, àti àwọn òkè onígbó láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ sí Ìkọ̀gòsí àti Ìpólé-Ìlórò, níbi tí omi Àríǹta ti ń já wálẹ̀. Oko kòkó àtijọ́ tí ọ̀pẹ pọ̀ nínú rẹ̀, tó sì fẹ̀gbẹ́ kan igbó, dára bákan náà. Bí ẹ bá ń lọ sí apá Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Mọ̀bà, igbó ń di ọ̀dàn díẹ̀díẹ̀. Ẹyẹ ibẹ̀ yàtọ̀, a máa dé orí wọn.

Igi pàtó ni mi ò ní dárúkọ fún ẹnikẹ́ni.

## Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀

Odídẹrẹ́ tí ẹ ti rí rí nínú kéèjì jókòó nítòsí, ìmọ́lẹ̀ wà lára rẹ̀. Ti inú igbó, òkè pátápátá lẹ máa kọ́kọ́ rí i, ó sì lè dúdú bí ojú ọ̀run bá funfun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má wá ìrù pupa ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Bó ṣe ń fò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

- Ìfò rẹ̀: tààrà ni, ó yára, apá rẹ̀ ń lù kíákíá láìfi bẹ́ẹ̀ gbéra sókè púpọ̀. Kì í na apá sílẹ̀ kó máa rọra yọ̀ bí àwòdì. Ó máa ń fò ga ju orí igi lọ.
- Ohùn rẹ̀: súfèé gígùn, lẹ́yìn náà igbe kíkan. Ó máa ń ké bó ṣe ń fò, nítorí náà etí ló máa ń rí i ṣáájú ojú.
- Ara rẹ̀: àwọ̀ eérú, etí ìyẹ́ àyà àti ọrùn rẹ̀ mọ́ ju àárín lọ. Ojú rẹ̀ funfun, kò ní ìyẹ́, àgógó rẹ̀ dúdú.
- Ìrù rẹ̀: ó kúrú, ó pupa yòò. Ìkóódẹ tí gbogbo wa mọ̀ lára adé nìyẹn.
- Ẹyinjú rẹ̀: ti àgbà jẹ́ àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, ti ọmọdé dúdú. Bí fọ́tò yín bá mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ lè fi èyí sọ bóyá àwọn ọmọ tuntun wà láàárín wọn. Ẹ má gbìyànjú àtisọ akọ yàtọ̀ sí abo, wọ́n jọra.

Àwọn tí ẹ lè ṣì mú: àtíòro (ìrù rẹ̀ gùn, bó bá ń fò á máa ròkè ròdò), oriri àti àdàbà igbó (orí wọn kéré, wọn kì í súfèé), àti òrofó, tó jẹ́ aláwọ̀ ewé tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè ní odídẹrẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Odídẹrẹ́ inú igbó tún máa ń sín ẹyẹ mìíràn jẹ, nítorí náà ẹ má fi ohùn nìkan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti rí i.

## Àkókò tó dára

Ní Èkìtì, oòrùn máa ń yọ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago méje òwúrọ̀, bí oṣù bá ṣe rí. Kí ìdí yín ti wà nílẹ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ títí di aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń kúrò níbùsùn lọ síbi oúnjẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́ lórí igi, ẹ lè wà lábẹ́ wọn kí ẹ má mọ̀. Ní ọ̀sán, ẹ sùn. Ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ padà.

Ní ti oṣù, àkókò tí mo fẹ́ràn jù ni ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá: òjò ti ń lọ, ojú ọ̀run ti fọ̀, ọyẹ́ kò tíì dé. Oṣù kejìlá sí ìkejì dára ní ọ̀nà kan, torí àràbà àti àfàrà máa ń wọ́wé, ẹ ó rí ẹyẹ kedere lórí ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń sọ fọ́tò di bàìbàì, kò sí lẹ́ǹsì tó lè gba inú eruku yẹn kọjá. Oṣù keje, tí ẹrẹ̀ bá ti gba ọ̀nà oko, ẹ jókòó sílé.

## Ẹrù tí ẹ máa gbé

- Awò awọ̀nàjíjìn. 8x42 (tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́jọ, tí ojú iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 42) tó. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹ ra èyí kí ẹ tó ra kámẹ́rà.
- Kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì 300mm ó kéré tán. 400mm sí 600mm ló dára. Kámẹ́rà olójú gígùn tí a kì í yọ lẹ́ǹsì rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́.
- Bátìrì méjì, káàdì méjì.
- Ọ̀rá ńlá méjì fún òjò.
- Bàtà òjò gígùn, ṣòkòtò gígùn, aṣọ alápá gígùn. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé gbígbẹ. Ẹ yẹra fún funfun àti pupa.
- Fìlà tàbí aṣọ aláwọ̀ títàn kan nínú àpò (màá sọ ìdí rẹ̀).
- Omi, gààrí, iná ìléwọ́, ìwé kékeré, bírò.

Ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti sójà. Ẹ lè ti rí i lára àwọn òyìnbó tó ń ya ẹyẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde nínú igbó ń wá ọ̀ràn.

## Ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀

1. Ẹ gba àyè. Kò sí igbó tí kò lólúwa. Fún igbó ọba, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó o. Fún oko, ẹ bá olóko. Ní abúlé, ẹ kọ́kọ́ yà kí baálẹ̀. Lóde òní tí ìjínigbé ti bá igbó jẹ́, ẹ fi nọ́ńbà fóònù àwọn Amọ̀tẹ́kùn agbègbè náà pamọ́, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa dé fún ẹnì kan nílé. Ẹ má dá lọ. Bí baálẹ̀ bá ní ọ̀nà kan kò dára lásìkò yìí, ẹ má bá a jiyàn.

2. Ẹ wá ẹni tó mọ igbó. Ọdẹ lọ́pọ̀ èèyàn máa ń wá. Ọdẹ dára, ṣùgbọ́n òru ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ló sì ń wò. Ẹni tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ni akọ̀pẹ. Ó wà lórí ọ̀pẹ láàárọ̀, ẹyìn ọ̀pẹ sì ni oúnjẹ tí odídẹrẹ́ yàn láàyò. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọdẹ, ẹ kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọdẹ:

"Bàbá, àrìnpa o."

"Ògún á gbè yín."

"Bàbá, odídẹrẹ́ la fẹ́ wò o. A ò fẹ́ mú un, fọ́tò rẹ̀ la fẹ́ yà."

Ó lè rẹ́rìn-ín, kó ní, "Fọ́tò? Ṣé ẹ fẹ́ fi fọ́tò se ọbẹ̀ ni?" Ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ tún un sọ. Ẹ rí i dájú pé ó yé e, torí ẹni tó rò pé ẹ fẹ́ ra ẹyẹ lè lọ mú un wá fún yín. Owó ojúmọ́ ni kí ẹ san. Ẹ má ṣe é ní àdéhùn pé bó bá fi ẹyẹ hàn yín ni ẹ máa tó sanwó. Ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹyẹ yóò lu igi, yóò sọ òkò, yóò gun ìtẹ́ kẹ́yẹ lè fò.

3. Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó wo òkè. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù nìyí. Bí odídẹrẹ́ bá ń jẹ ẹyìn, ẹsẹ̀ kan ló fi ń di ẹ̀ka mú, ó fi èkejì gbé ẹyìn sí ẹnu. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kọjú síwájú, méjì kọjú sẹ́yìn, nítorí náà ó lè dì í mú ṣinṣin kó sì máa yí i. Á fi àgógó bó ara pupa rẹ̀ jẹ, á wá ju èkùrọ́ sílẹ̀. Lábẹ́ irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ẹyìn tí wọ́n bó ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ojú ibi tí wọ́n bó sì ní ìlà gbọọrọ bí ẹni fi ṣíbí fá a. Ti ọ̀kẹ́rẹ́ yàtọ̀: ojú eyín wẹ́wẹ́ méjì méjì lẹ ó rí. Bí ara tí wọ́n bó ṣì tutù, tí òróró ṣì ń yọ lára rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí. Bó bá ti gbẹ tí èèrà ti bò ó, ẹ máa lọ.

Ẹ yẹ abẹ́ ọ̀pọ̀tọ́ tó ń so wò pẹ̀lú. Ẹ tún wá ìyẹ́ eérú àti ìdọ̀tí funfun lábẹ́ igi ńlá tó dá yọ sókè láàárín igbó. Ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn.

4. Ẹ yan ibi ìjókòó. Láàárọ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, ìyẹn ni pé kí ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Nírọ̀lẹ́, ẹ yí i padà. Ẹ fi mítà 40 sí 50 sílẹ̀ láàárín yín àti igi. Ẹ má jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an: ẹ ó máa ya ikùn àti ìdí, ọrùn á máa dùn yín, ẹyẹ á sì mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bá wà, bí irú èyí tó wà ní apá Ẹ̀fọ̀n àti Ìkọ̀gòsí, ẹ gun ún. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ojú yín àti orí igi á ṣe déédéé, fọ́tò tó bá ti ibẹ̀ wá kì í jọ ti ẹni tó ń wo òkè láti inú kòtò.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa: ìjàlọ, ọká tó sá sínú ewé gbígbẹ, èso wèrèpè lórí ìtàkùn. Wèrèpè nìkan tó láti lé yín délé. Ẹ bi ẹni tó mú yín wá nípa pàkúté pẹ̀lú.

5. Ẹ jókòó, ẹ dákẹ́. Fóònù kò gbọ́dọ̀ dún. Ẹ má lo ohùn odídẹrẹ́ tí ẹ gbà sílẹ̀ láti fi pè é. Ó ń dà á láàmú, àwọn tó ń dẹ ẹ́ sì ń lo irú ọgbọ́n yẹn pẹ̀lú. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá ti dákẹ́, igbó á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ bá ti ń kọrin nítòsí, ẹ ti ń di ara ibẹ̀.

6. Bó bá bà, ẹ má gbé kámẹ́rà sókè lójijì. Odídẹrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà máa ń wò yíká kó tó jẹun. Ìṣẹ́jú yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lé e. Ẹ dúró títí yóò fi sọ orí kalẹ̀ sínú ìdì ẹyìn. Kámẹ́rà ti gbọ́dọ̀ wà ní ìgbáyà yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ pé ìwọ̀n ọwọ́ kan péré lẹ máa gbé e.

7. Ẹ ya ẹ̀rí, lẹ́yìn náà ẹ ya ẹwà. Fọ́tò mẹ́ta mẹ́rin kíákíá, bó ti wù kó burú. Ìgbà tí ẹ bá ti ní ìyẹn lẹ máa tó dúró de èyí tó yí ojú sí yín, tó na ẹsẹ̀ sẹ́nu, tàbí tó fi àgógó gun ẹ̀ka bí ẹni fi ọwọ́ kẹta.

8. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́, aago, iye tí ẹ rí, ohun tó ń jẹ, apá ibi tó fò lọ. Ohun tó kẹ́yìn yìí ló wúlò jù. Bí wọ́n bá gba ọ̀nà kan náà ní ìrọ̀lẹ́ mélòó kan, ẹ ti ní ọ̀nà òfuurufú wọn. Ibi tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀nà yẹn lẹ máa lọ dúró, ẹ ò tún ní wọ igbó mọ́.

9. Ẹ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọdẹ ń wọlé nígbà tí ẹ̀yin ń jáde. Ẹ dé fìlà títàn yẹn, ẹ máa sọ̀rọ̀ sókè bí ẹ ṣe ń bọ̀ lọ́nà. Lẹ́ǹsì gígùn ní ìdájí tàbí ní àṣálẹ́ lè jọ ìbọn, èèyàn tó dákẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sì lè jọ ẹran.

## Ètò kámẹ́rà

Iṣòro odídẹrẹ́ ni pé àwọ̀ mẹ́ta tó le ló wà lára rẹ̀: eérú, funfun ojú, àti pupa ìrù. Kámẹ́rà kì í gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa bí ẹ bá fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún un.

- Lójú ọ̀run funfun: kámẹ́rà á sọ ẹyẹ di dúdú. Ẹ fi exposure compensation (ètò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò tàbí tó ń dín in kù) sí +1 sí +1.7. Ojú ọ̀run á funfun pátápátá. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.
- Láàárín imọ̀ ọ̀pẹ tó ṣókùnkùn: ẹ dá a padà sí 0, tàbí -0.3 kí funfun ojú rẹ̀ má baà jó.
- Nínú oòrùn gangan: ẹ wo histogram aláwọ̀ mẹ́ta (àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn lójú kámẹ́rà), ẹ wo ti pupa. Bó bá ti lu ògiri ọ̀tún, ìrù á di àbàwọ́n pupa kan tí ìyẹ́ kankan kò hàn nínú rẹ̀. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù. Fọ́tò RAW (tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀) lè gbà yín là díẹ̀, JPEG (tí kámẹ́rà ti fún kéré) kò lè ṣe é.
- Shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, ní ìdá ìṣẹ́jú àáyá): 1/500 fún èyí tó jókòó, 1/2000 fún èyí tó ń fò. Ní ìdájí, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ dé 1/200 bí kámẹ́rà bá wà lórí tripod (ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta) tàbí lórí àpò gààrí.
- ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó): ẹ má bẹ̀rù 1600 tàbí 3200. Fọ́tò tó ní hóró ṣì wúlò. Èyí tó gbọ̀n kò wúlò fún nǹkan kan.
- Focus (ibi tí lẹ́ǹsì máa mú kedere): ojú kan ṣoṣo ní àárín, kí ẹ gbé e lé ẹyinjú. Bí ẹ bá jẹ́ kí kámẹ́rà yàn fúnra rẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ tó wà níwájú ni yóò mú.
- Flash: ẹ pa á. Ìró shutter náà, ẹ pa á bí kámẹ́rà yín bá gbà.

Ọ̀rọ̀ ìrì: bí ẹ bá gbé kámẹ́rà láti inú mọ́tò tó tutù tàbí yàrá tó ní AC bọ́ sínú igbó, lẹ́ǹsì á bo fún omi. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú àpò tó pa dé fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ má fi aṣọ nù ún léraléra. Nílé, kí kámẹ́rà má gbé inú àpò tó tutù lásìkò òjò, kí èbu má baà hù sínú lẹ́ǹsì.

Bí fóònù nìkan lẹ ní: ẹ má fi ìka fa àwòrán súnmọ́, ó ń bà á jẹ́. Ẹ gbé ojú fóònù lé ojú ihò kan lára awò awọ̀nàjíjìn, kí ẹ gbé awò náà lé ẹ̀ka tàbí òkúta kó má gbọ̀n. Ẹ fi ìka tẹ ẹyẹ lójú fóònù, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ tàbí sókè, ẹ ya fídíò dípò fọ́tò, kí ẹ wá yọ àwòrán tó dára jù nínú rẹ̀. Fún ẹ̀rí, ó tó. Fún kàlẹ́ńdà, kò tó.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Rírìn kiri. Ẹni tó ń rìn ni ẹyẹ ń rí.
- Títẹ̀lé ẹyẹ tó ti fò. Kò ní padà bí ẹ bá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè padà bí ẹ bá jókòó.
- Kíkó èèyàn mẹ́fà lọ. Mẹ́ta ti pọ̀.
- Wíwo ojú kámẹ́rà lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn gan-an ló máa ń na apá.
- Gígé ẹ̀ka tó dí yín lójú. Ẹ̀yin ni kí ẹ sún.
- Gbígbé drone sókè. Yàtọ̀ sí pé ó ń dẹ́rù ba ẹyẹ, ó nílò ìyọ̀ǹda ìjọba.

## Bí ẹ bá ṣàdédé bá ìtẹ́

Ihò inú igi ńlá ni odídẹrẹ́ ń yé sí, lókè réré. Ẹyin méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́, abo á sàba fún nǹkan bí oṣù kan, akọ á sì máa gbé oúnjẹ wá fún un. Àmì rẹ̀ ni pé ẹyẹ kan á máa yọjú níhò, tàbí pé èyí tó bà kò jẹun, tó kàn ń wò yín tó ń ké.

Ẹ kúrò níbẹ̀. Mi ò ní ètò kámẹ́rà kankan fún ìtẹ́. Bí abo bá fi ẹyin sílẹ̀ pẹ́, wọ́n á tutù. Ojú ọ̀nà tí ẹ tẹ̀ dé ìdí igi náà á sì ṣamọ̀nà ẹlòmíràn tó ní okùn àti àpò lọ́wọ́. Ẹ má fi àmì sára igi, ẹ má sọ ọ́ ní abúlé. Bí ẹni tó mú yín wá bá rí i pẹ̀lú yín, ẹ jọ sọ ọ́ ní gbangba pé owó tí ẹ̀yin àtàwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa san láti wo ẹyẹ yìí á dúró ọjọ́ tí ìtẹ́ náà bá ṣófo. Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ owó máa ń tètè yé èèyàn ju ìwàásù lọ.

## Bí odídẹrẹ́ kò bá yọjú

Èyí ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù, kí ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́. Ẹ ya àwọn tó wà níbẹ̀:

- Àgbé, aláró, ó tóbi, kì í sì í lè fi ara pamọ́ bó bá ń sáré lórí ẹ̀ka. Láàárọ̀ kùtù ló dára.
- Àlùkò, apá rẹ̀ pupa fòò bó bá nà án. Ẹ ṣètò shutter fún ìfò, torí bó bá jókòó, pupa yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn.
- Àwọn ìbátan odídẹrẹ́ tó kéré, ní apá ọ̀dàn níhà àríwá: ọ̀kan aláwọ̀ ewé, orí eérú, ikùn rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, èkejì kékeré gan-an, aláwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ pupa. Wọ́n fẹ́ràn èso àti ọkà, nítorí náà ẹ wò wọ́n létí oko.

Bí ẹ bá ti gbìyànjú títí, tó jẹ́ pé odídẹrẹ́ gan-an lẹ fẹ́, ẹ ronú Òkómù ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ọgbà igbó ìjọba àpapọ̀ ni, wọ́n sì ní àwọn amọ̀nà. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ọmọ Èkìtì láti gbọ́ ọ.

## Kí ẹ tó gbé e sórí Facebook

*Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Òrofó bí mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́.* Àwọn tó ń mú odídẹrẹ́ tà náà ní fóònù.

1. Ẹ pa location nínú kámẹ́rà fóònù kí ẹ tó wọ igbó. Bí ẹ bá ti gbàgbé, ẹ yọ ọ́ kúrò lára fọ́tò kí ẹ tó fi í ránṣẹ́.
2. Ẹ kọ "Èkìtì" nìkan. Ẹ má kọ orúkọ abúlé, ẹ má kọ orúkọ odò.
3. Ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò. Òkè, òpó MTN, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì: ọmọ àdúgbò á mọ̀ ọ́n ní wàràwéré. Ẹ gé e kúrò.
4. Ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó gbé e jáde.
5. Ẹ fi í sí ibi tó máa wúlò. Iṣẹ́ máàpù ẹyẹ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 ń gba àkọsílẹ̀ látọwọ́ ẹnikẹ́ni, orí app BirdLasser ni. eBird, ibi ìkọsílẹ̀ ẹyẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà wà, ó sì ń fi ibi pàtó pamọ́ fún àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń dọdẹ wọn.

Bí ẹnì kan bá fi inbox béèrè pé "ibo ni?", ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó fẹ́ wò ó kò ní bínú.

## Bí ẹnì kan bá fi ẹyẹ lọ̀ yín

Ó máa ṣẹlẹ̀. Wọ́n á rí kámẹ́rà yín, wọ́n á gbé ọmọ odídẹrẹ́ kan jáde láti inú apẹ̀rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ ṣì dúdú, wọ́n á ní kí ẹ mú iye kan wá. Òmíràn á ní ìkóódẹ lòun ní.

Ẹ má rà á, bó ti wù kí àánú ṣe yín tó, kódà bí ẹ bá ní lọ́kàn pé ẹ máa tú u sílẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n máa fi ra àtè tó kàn, ọmọ ẹyẹ tí kò tíì mọ oúnjẹ wá sì lè kú sọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kejì. Láti 1985 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, ẹni tó rà á lè bá ẹni tó tà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ má ya fọ́tò ẹni tó gbé e wá lójú ara rẹ̀, ẹ ṣì wà lábúlé rẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ ò rà, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Tí ẹ bá ti dé ìgboro, ẹ pe ọ́fíìsì igbó ọba, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí àti ọjọ́ tí ẹ rí i.